Àwọn Tí Ó Di Ìjọ Mú Nígbà Tí Kò Sí Àlùfáà

Nígbà tí ìjọ bá ń ṣe júbílì, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń kà: a ń ka iye ọdún, a ń ka àwọn Fadà tí ó ti ṣe àkóso páríìṣì, a sì ń ka ohun tí a ná lórí ilé Ọlọ́run. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìrìbọmi àtijọ́ yóò ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ ẹni tí a rì bọmi, àyè wà fún bàbá àti ìyá rẹ̀, àyè wà fún bàbá-ìsàmì tàbí ìyá-ìsàmì, àyè sì wà fún àlùfáà tí ó da omi sí i lórí. Kò sí àyè fún ẹni tí ó kọ́ olúwarẹ̀ ní Bàbá Wa àti Mo Gbàgbọ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé. Bí a bá máa rí katikíìsì nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn rárá, ní àyè bàbá-ìsàmì ni. Orúkọ kan náà a máa padà wá láti ojú ewé kan dé òmíràn, nítorí pé ní abúlé tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, kò sí Kristẹni mìíràn tí ó lè dúró fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí a fi ya àwọn ojú ewé wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún wọn: irú ènìyàn wo ni wọ́n jẹ́, ta ni ó kọ́ wọn, kí ni wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ náà ṣe.

Kí àlùfáà àwọn míṣọ́nnárì tó fìdí kalẹ̀ sí etíkun wa yìí, ìgbàgbọ́ ti wà níbẹ̀. Àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíl, pàápàá jùlọ sí Bahia, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé. Wọ́n sì pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ wá ń fura sí gbogbo ọmọ Áfíríkà, ìbáà ṣe ẹrú, ìbáà ṣe ẹni tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n tẹ̀dó sí Ouidah, sí Agoué, sí Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, àti sí Èkó. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ Potogí ni wọ́n ń jẹ́, èdè Potogí ni wọ́n ń sọ nínú ilé, wọ́n sì mú Rosárì bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn ni àwọn ará ìlú ń pè ní Àgùdà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ gbogbo àwa ọmọ Ìjọ Kátólíìkì títí di òní. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ sọ pé láti ara Ajudá, orúkọ tí àwọn Potogí fi ń pe Ouidah, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ta ni ó kọ́ àwọn wọ̀nyí bí a ti ń darí ìjọ? Kò sí èyí tí ó lọ sí sẹ́mínárì nínú wọn tí ó gba oyè àlùfáà bọ̀ wálé. Ẹgbẹ́ ni ó kọ́ wọn. Ní àwọn ìlú Bràsíl, àwọn ènìyàn dúdú ní ẹgbẹ́ tiwọn lábẹ́ ààbò Ìyá Wa ti Rosárì, ẹrú àti òmìnira sì ń jọ jókòó níbẹ̀. Èyí tí ó wà ní Pelourinho ní ìlú Salvador kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ara rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń yan olórí àti akápò, tí wọ́n ti ń dá owó, tí wọ́n ti ń bẹ aláìsàn wò, tí wọ́n ti ń fi àdúrà sin òkú ara wọn, tí wọ́n sì ti ń pèsè fún ọdún ẹni mímọ́. Ẹrú ni wọ́n lóde. Nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣe ìpinnu, wọ́n sì ń jíhìn owó. Nígbà tí wọ́n dé etíkun wa tí wọn kò bá àlùfáà, wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Ní Èkó, ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio tàbí Pa Antonio. Kì í ṣe àlùfáà rárá. Ẹrú tí ó ti gba òmìnira ni. Òun ni ó ń kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà ní ọjọ́ Ìsinmi, òun ni ó ń ri àwọn ọmọ wọn bọmi, òun ni ó ń dúró ti ìgbéyàwó wọn, òun náà ni ó ń gbàdúrà lẹ́bàá ibùsùn ẹni tí ó ń kú lọ. Nígbà tí Fadà Francesco Borghero ti Ouidah dé Èkó ní 1863, ìjọ ni ó bá níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ó sì tún tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1868, kí Fadà Pierre Bouche tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àlùfáà nìkan ni ó dá Ìjọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Síbẹ̀, kí a má pọ́n àwọn Àgùdà ìgbà náà ju bí ó ti yẹ lọ. Ní Agoué, ẹni tí ó kọ́ ilé àdúrà ni Joaquim d'Almeida, ọmọ ìran Mahi tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, tí ó gba òmìnira, tí òun náà sì wá di oníṣòwò ẹrú. Ilé Ọlọ́run àti ọjà ènìyàn ti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo wá. Àwọn Fadà tí ó dé bá wọn kùn púpọ̀: wọ́n ní ìyàwó àwọn ọkùnrin náà pọ̀ jù, wọ́n ní ìrìbọmi àti àjọ̀dún ni ẹ̀sìn jẹ́ lójú wọn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ kò ju ohun tí wọ́n há sórí lọ: àdúrà, orin, orúkọ àwọn ẹni mímọ́. Wọ́n mọ bí a ti ń darí ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n àlàyé ìgbàgbọ́ kò tó wọn lọ́wọ́. Nǹkan méjèèjì yìí, ìdarí àti àlàyé, ni ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ Ìjọ láìjẹ́ àlùfáà gbọ́dọ̀ ní, ìtàn wa láti ìgbà náà sì ni ìtàn bí a ti ń wá ọ̀nà láti mú méjèèjì pàdé nínú ẹnìkan.

Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì ti Áfíríkà sílẹ̀ ní Lyon ní 8 oṣù kejìlá 1856. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, níbi tí ó ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ ilẹ̀ ni kí a kọ́ kí wọ́n lè ṣe àkóso ìjọ wọn fúnra wọn. Ó dé Freetown ní oṣù karùn-ún 1859. Ní 25 oṣù kẹfà, ó ti kú, àwọn tí ó bá a wá sì kú pẹ̀lú. Nígbà tí Fadà Borghero àti Fadà Francisco Fernandez gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 18 oṣù kẹrin 1861, ẹnì kẹta wọn, Fadà Louis Edde, ti kú lójú ọ̀nà. Báyìí ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún: ibà pa wọ́n bí ẹni pa ẹyẹ. Èyí ni ó sọ ọ̀rọ̀ katikíìsì di ọ̀ràn kan-ń-pá. Ìjọ tí ó bá gbé gbogbo ara lé ẹnìkan tí ibà lè mú lọ kí òjò tó dá, ìjọ náà ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀nà. Ní Ouidah, èdè Potogí ni Fadà Borghero fi ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé òun ni èdè àwọn ìdílé Àgùdà. Ní Àjàṣẹ́, míṣọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1864. Nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń yan ẹni tí ó mọ̀wé, tí ìwà rẹ̀ dára, tí a ó fi sí ìletò kan gẹ́gẹ́ bí tíṣà àti katikíìsì pọ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ó ń kọ́ ọmọ ní á, bí, dí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àgbà ní katikísímù. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi tí Fadà kò lè dé, òun ni ó ń lu agogo, tí ó ń darí àdúrà, tí ó ń ka Ìwé Mímọ́, tí ó ń kéde ọjọ́ ààwẹ̀ àti ọjọ́ ọdún. Ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ gba ìrìbọmi sílẹ̀, ó mọ ẹni tí ó ti padà sídìí òrìṣà, ó mọ ẹni tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń kú lọ lóru, òun ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún. Òfin Ìjọ gbà á láàyè: nígbà tí àìgbọdọ̀máṣe bá dé, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní èrò tí ó tọ́ lè rini bọmi. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ìrìbọmi fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń mú katikíìsì há sórí láìṣìnà kan.

Ẹ̀kọ́ ìbéèrè àti ìdáhùn tí gbogbo wa há sórí ní kékeré, tí ìyá wa ń nà wá nítorí rẹ̀, ìtàn tirẹ̀ gùn. Ní 1528, Martin Luther bẹ àwọn ìjọ agbègbè Saxony ní Jámánì wò, ó sì rí i pé àwọn ará oko, àní àwọn olùṣọ́-àgùntàn kan pẹ̀lú, kò mọ Bàbá Wa tàbí Òfin Mẹ́wàá. Ní 1529 ó tẹ Katikísímù Kékeré jáde, ó sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tí olórí ilé kọ̀ọ̀kan yóò fi lè kọ́ ìdílé rẹ̀. Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, Peter Canisius tẹ tirẹ̀ jáde ní 1555, Ìjọ sì ṣe èyí tí ó wà fún àwọn àlùfáà páríìṣì ní 1566, lẹ́yìn Àpéjọ Trent. Èdè-àìyedè pọ̀ láàárín ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí èyí pé ìgbàgbọ́ tí kò bá wọ inú ilé kò ní pẹ́. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó wà lápò katikíìsì abúlé wa, ọmọ-ọmọ àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni.

Ìgbà ìdánwò ni a máa ń mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo Ùgáńdà, nítorí àwọn Ajẹ́rìíkú tí a ń ṣe ọdún wọn ní 3 oṣù kẹfà. Àwọn Fadà Funfun dé ààfin Buganda ní 1879. Kádínà Lavigerie tí ó rán wọn ti fi òfin lélẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni ẹni tí ó fẹ́ ìrìbọmi gbọ́dọ̀ fi kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn rò pé ó ti le jù. Ní 1882, ewu mú kí àwọn Fadà fi ìlú sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di 1885. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta tí kò fi sí Mísà. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n bá àwọn ọmọ ìjọ lẹ́nu iṣẹ́, Joseph Mukasa Balikuddembe nínú ààfin, Matthias Kalemba ní abúlé, iye àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ sì ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún 1886, nígbà tí ikú dé tán, Charles Lwanga, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan tí ó gba ìrìbọmi, ni ó ri Kizito àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn bọmi lóru. Kò sí àlùfáà nítòsí. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó mọ omi, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, ní Tógò, àwọn Fadà Jámánì ti Ẹgbẹ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gúnlẹ̀ sí Lomé ní 1892, wọ́n sì dé Atakpamé, níbi tí àwọn ìbátan wa, àwọn Ifẹ̀ tí a ń pè ní Ana, ń gbé. Wọ́n tẹpẹlẹ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti kíkọ́ àwọn katikíìsì. Nígbà tí ogun 1914 dé tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì gba Tógò, wọ́n kó àwọn Fadà Jámánì kúrò nílùú kí ogun náà tó parí. Àwọn Fadà Faransé alára kò tó, nítorí ìjọba wọn ti pe ọ̀pọ̀ lára wọn sójú ogun. Ó di ìgbà tí Fadà Jean-Marie Cessou gba àkóso ní 1921 kí nǹkan tó tún tò. Láàárín ìgbà náà, katikíìsì àti tíṣà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa Pùròtẹ́sítáǹtì tí Míṣọ́n Bremen ti Jámánì dá ìjọ sílẹ̀ fún láàárín àwọn Ewe láti 1847. A lé àwọn òyìnbó wọn lọ, àwọn tíṣà àti olùṣọ́-àgùntàn ọmọ ilẹ̀ sì di iṣẹ́ náà mú, títí wọ́n fi pé àpéjọ ní Kpalimé ní 1922, tí wọ́n sì di ìjọ tí ó ń ṣe àkóso ara rẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìlú Kétu ti kọ́kọ́ di ahoro. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o ní 1886, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀; lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Bẹ́hánsìn ni àwọn tí ó kù padà wá tún un tẹ̀ dó. Nínú ìlú tí ó jí dìde láti inú eérú yìí ni Ọlọ́run ti mú Thomas Moulero, ẹni tí ó gba oyè àlùfáà ní 15 oṣù kẹjọ 1928 lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù François Steinmetz, àlùfáà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọmọ Dàhòmì. Òun kan náà ni ó kọ ìtàn Kétu àti ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ kí ó má baà sọnù. Inú wa máa ń dùn sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò náà. Láti 1861 di 1928, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Jálẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tí ó ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún wa gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀, katikíìsì ni.

Àwọn kan lè rò pé nígbà tí a ti ní àlùfáà tiwa, ọ̀ràn katikíìsì ti parí. Ìjọba ìyípadà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mathieu Kérékou gba ìjọba ní oṣù kẹwàá 1972, ó sì kéde ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ní oṣù kọkànlá 1974. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tíṣà tí ó tún jẹ́ katikíìsì di òṣìṣẹ́ ìjọba, katikísímù sì jáde kúrò nínú kíláàsì lọ sí abẹ́ igi. Ó dùn wá nígbà náà. Síbẹ̀, bí mo ti rí i, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ páríìṣì kọ́kọ́ mọ̀ pé agbẹ̀, aránṣọ, ìyá aláta, lè kọ́ni ní ìgbàgbọ́ bí a bá jókòó kọ́ àwọn náà. Ìjọba yẹn kọ ẹ̀kọ́ Marx sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 1989. Àwọn katikíìsì abẹ́ igi kò lọ síbìkankan.

Ìjọ àgbáyé náà ti ń sọ ohun tí ó jọ èyí. Nínú ìwé Ad Gentes ti 7 oṣù kejìlá 1965, Àpéjọ Vatican Kejì yin àwọn katikíìsì, ó ní kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí a máa pe ìpàdé àtúnkọ́ fún wọn lóòrèkóòrè, kí a sì fún àwọn tí ó fi gbogbo àkókò wọn ṣe iṣẹ́ náà ní owó tí ó tọ́ láti fi gbé ayé. Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983 tún un sọ pé ẹni tí a ti kọ́ dáadáa ni kí a fi ṣe katikíìsì. Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ láìfi ọwọ́ bò ó: ìmọ̀ràn yẹn ni a ṣe ìgbọràn sí kéré jùlọ. A máa ń rí owó fún agogo tuntun. Katikíìsì tí ó fi kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ rìn láti ìletò kan dé òmíràn, táyà rẹ̀ ni ó ń rà fúnra rẹ̀.

Ọ̀ràn àwọn obìnrin náà kò yàtọ̀. Ní ilé wa, ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní àmì Àgbélébùú bí kò ṣe ìyá? Ìyàwó katikíìsì a máa kọ́ àwọn obìnrin nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń kọ́ àwọn ọkùnrin, kò sì sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Póòpù Paul Kẹfà ṣí iṣẹ́ òǹkàwé àti ti akólíìtì fún ọmọ ìjọ ní 1972, ọkùnrin nìkan ni ó fi í fún. Ní oṣù kìíní 2021 ni Póòpù Francis ṣí i fún obìnrin pẹ̀lú, àti ní 10 oṣù karùn-ún ọdún náà, nínú ìwé Antiquum Ministerium, ó fi ìdí iṣẹ́ katikíìsì múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́-ìsìn tí Ìjọ ń fi lé ọmọ ìjọ lọ́wọ́ ní gbangba, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ní 23 oṣù kìíní 2022, ó pe àwọn àkọ́kọ́ jáde nínú Basílíkà Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, ó sì fi Àgbélébùú lé wọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé.

Ní páríìṣì tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan fún ọdún júbílì yìí. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìletò kan, a sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ni ní katikísímù níbẹ̀, fún ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀, àti fún ẹni tí ó kọ́ òun náà. Ojú ewé púpọ̀ ṣì ṣófo. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì rántí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró dìgbà tí a ó wá bá yín nílé. Ìwé náà wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà sákrístì lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi, akọ̀wé yóò sì bá ẹni tí kò lè kọ̀wé kọ ọ́.